Páàdì Tuntun Lára Máṣíìnì Bàámi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà 2024

Páàdì bíréèkì: abala pẹlẹbẹ méjì, irin lẹ́yìn, nǹkan líle bí amọ̀ gbígbẹ níwájú. Tí èèyàn bá tẹ ọwọ́ bíréèkì lára alùpùpù, páàdì méjèèjì á fún àwo irin tó ń bá táyà yí mọ́ àárín. Fífún yẹn ló ń dá máṣíìnì dúró. Òun náà ló ń jẹ páàdì lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Tí nǹkan líle yẹn bá jẹ tán, irin ló kù tí yóò máa ha irin. Kò sí ìdúró mọ́, ariwo nìkan.

Mo kọ ìyẹn kí inú mi lè rọ̀. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Tí inú bá ń bí mi, mo máa ń ṣàlàyé nǹkan.

Wọ́n pín ogún Bàámi lónìí, ní pálọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́ ti Rẹ́mọ níbí. Ìdí igi ni wọ́n fi pín in: ìyàwó méjì, ìdí méjì. Ilẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ bọ́ sí ìdí tiwa. Máṣíìnì bọ́ sí ìdí kejì, ìyẹn ni pé Kòsóhun ló ni ín. Lásúnkànmí ni wọ́n sọ ọ́, àbúrò mi ni, ọmọ ìyàwó kejì. Nínú ìwé yìí, Kòsóhun ni — kò sóhun tí kò mọ̀. Ó mọ òfin, ó mọ òògùn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfúrufú, kò tíì wọ ọ̀kan rí.

Èmi ni mo ń gun máṣíìnì yẹn lọ síbi iṣẹ́ láti ìgbà tí ojú Bàámi ti ń ṣe bàìbàì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n Òǹtẹ̀ ní obìnrin kì í jogún máṣíìnì. (Òǹtẹ̀: ẹ̀gbọ́n Bàámi, olórí ẹbí wa. Ohunkóhun tí Kòsóhun bá sọ, òun á ṣáà fọwọ́ sí i.) Mo ní ó dáa. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí.

Kòsóhun dìde, ó tún agbádá ṣe, ó ní kí Dókítà Sùn-má-jí, èmi nìyẹn, má bínú o. Ó ní ẹni tó fún Bàbá lábẹ́rẹ́ oorun tí Bàbá ò jí mọ́, ṣé ó tún yẹ kó máa bá ọmọ Bàbá du nǹkan Bàbá?

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òǹtẹ̀ wúkọ́, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àga tó kù láti pín.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Kí òótọ́ wà níbì kan, ó kéré tán.

Iṣẹ́ mi ni láti fún aláìsàn ní oorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, kí n ṣọ́ èémí rẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, kí n sì jí i padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún Bàámi, èmi kọ́ ni mo fún un lóorun. Ìlànà iṣẹ́ wa kò gbà kí ọmọ ṣe é fún bàbá rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo dúró sí bí gbogbo èèyàn.

Ó jí. Ó jí, ó béèrè ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Mo ya àwòrán rẹ̀ fún wọn níjọ́ náà, ẹsẹ̀, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, mo fi bírò pupa fa ojú ọ̀nà. Òǹtẹ̀ yí bébà náà po. Ó ní àwòrán náà dára.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

Ọ̀rọ̀ Kòsóhun ti dé tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ wa.

Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún kan kí ó lè bímọ. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mo ń kó abẹ́rẹ́ mi jọ. Mo gbọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń bi nọ́ọ̀sì léèrè, ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà: ṣé kì í ṣe dókítà tó fi abẹ́rẹ́ pa bàbá ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ló máa fún ìyàwó wa ní tiẹ̀? Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé, ẹ̀ẹ́ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé irọ́ ni.

Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ náà. Mo jókòó sínú yàrá àwọn dókítà, mo ń mu tíì tó ti tutù.

Orúkọ nìkan ni mo ní. Ẹni tó bá fẹ́ kí n gba èémí òun dání gbọ́dọ̀ gbà mí gbọ́ kí ojú rẹ̀ tó pa dé. Kòsóhun fi ẹ̀rín gba ìyẹn lọ́wọ́ mi nínú pálọ̀ bàbá mi.

Yóò jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Mo kọ ọ́, mo sì fà á nídìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Òǹtẹ̀ pè. Kòsóhun yóò wá gbé máṣíìnì lọ́jọ́ tó ṣáájú Iléyá. Ó fẹ́ fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí yídì, kí gbogbo Òde Rẹ́mọ níbi tó ń gbé rí òun. Kí n tọ́jú rẹ̀ o — ohun ogún kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ pẹ̀lú àbùkù, ìtìjú ẹbí ni. Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà

Bíréèkì iwájú ń ha. Láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo akọrin yíjú wò mí.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹfà

Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Páàdì ti tán. Ọ̀kan ti jẹ dé irin.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iwájú ilé Kòsóhun, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ó lọ tààrà dé ojú títì. Kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbádá, kí ó tẹ bíréèkì, kí bíréèkì máa pariwo lásán. Mo jókòó ti èrò yìí pẹ́. Ó gbóná, ó tuni lára.

Ṣùgbọ́n ariwo yẹn á tú mi fó. Kódà òun á gbọ́ ọ. Á tì í lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, á sì gba gbogbo Rẹ́mọ kiri pé nǹkan bíbàjẹ́ ni mo fún òun. Rárá. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Páàdì tuntun ni màá fi sí i.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Mo yà sọ́dọ̀ Raqeebah nítòsí Interchange, oríta ńlá ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ̀yà ara máṣíìnì ló ń tà. Bàámi ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo yọ páàdì àtijọ́ kan dání, mo gbé e lé tábìlì. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, Dókítà, ẹ kú làákàyè! Àwọn ọkùnrin á dé, wọ́n á máa fi ìka júwe páàdì fún mi bí ẹni ń júwe ẹja tó já lọ. Ó fi ti àtijọ́ wọn tuntun, ihò kan ihò, etí kan etí. Ó ní, àbí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Mo rẹ́rìn-ín. Àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín ogún.

Nígbà tí mo ń lọ, ó ní, Dókítà, wọ́n ní… Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í to bóòtù sínú agolo. Mo ní, kí ni wọ́n ní? Ó ní kò sí, mà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá.

Òun náà ti gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Iṣẹ́ ti parí, àfi díẹ̀.

Mo tètè dé láti ibi iṣẹ́. Mo gbé máṣíìnì sórí sítáǹdì ńlá nínú ọgbà. Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú bà á jẹ́.

Mo tú bóòtù méjì tó di kàlípà mú. Kàlípà ni ilé irin tí páàdì ń gbé. Ó gun àwo irin bí ìgbà tí èèyàn bá gẹṣin. Mo fà á kúrò, mo fi okùn so ó rọ̀ mọ́ fọ́ọ̀kì, irin méjì tó di táyà iwájú mú, nítorí kò gbọdọ̀ fi rọ́bà epo rẹ̀ rọ̀. Rọ́bà yẹn ni ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Tó bá ya, ó tán. Mi ò sì fọwọ́ kan ọwọ́ bíréèkì rárá nígbà tí kàlípà wà níta, torí pístìnì, irin kékeré tó ń ti páàdì, lè fò jáde. Mo yọ píìnì tó di páàdì mú. Páàdì àtijọ́ kejì jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo wọ ìbomú. Mo fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ inú kàlípà. Eruku yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu fẹ́ dànù bí àwọn mẹkáníìkì ṣe máa ń ṣe. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń lọ, kì í sì í jáde.

Páàdì tuntun nípọn, kò sí àyè fún un. Nítorí náà mo ṣí ìdérí ìgò epo bíréèkì, èyí tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́, mo fi aṣọ yí i ká torí epo náà máa ń bó ọ̀dà. Mo wá fi àtàǹpàkò méjèèjì ti pístìnì padà sínú, díẹ̀díẹ̀, tààrà. Epo ga díẹ̀ nínú ìgò, kò kún jáde. Mo dé e. Mo ki páàdì tuntun sí ipò wọn; ọwọ́ tí òróró wà kò gbọdọ̀ kan ojú wọn. Mo dá kàlípà padà, mo fún bóòtù dáadáa. Mo yí táyà. Ó yí wọ́ọ́rọ́, kò ha.

Ó ku ohun kan.

Nígbà tí èèyàn bá ti pístìnì padà, àlàfo máa ń wà láàárín rẹ̀ àti páàdì. Ojú kò lè rí i. Ẹni tó bá tẹ ọwọ́ bíréèkì nígbà àkọ́kọ́, yóò wọlé pátápátá, kò ní dá nǹkan kan dúró. Ó yẹ kí èèyàn tẹ̀ ẹ́, kó jọ̀wọ́ rẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́, títí pístìnì yóò fi jáde wá bá páàdì. Kò gbà ju kí èèyàn mí kanlẹ̀ lọ.

Mi ò ṣe é.

Mo nu sípánà, mo nu ọwọ́ mi. Bíréèkì ẹ̀yìn wà, ṣùgbọ́n Bàámi máa ń sọ pé ìyẹn kì í dá táyà dúró, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ nǹkan á dán ọwọ́ bíréèkì wò kó tó gbéra. Kòsóhun kì í dán nǹkan wò. Tí ẹ̀rù bá sì ba èèyàn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọwọ́ kì í jọ̀wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì fún un mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí.

Páàdì tuntun ni. Bóòtù le. Kò sẹ́ni tó lè bá mi wí. Ohun tí mo ṣe dára. Ohun tí mi ò ṣe kò ní ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹfà

Mo dé láti ibi iṣẹ́, máṣíìnì ò sí nílẹ̀.

Màmá ní Lásúnkànmí ti wá. Ó ní ọ̀la ni àgbò máa dé, àyè ò ní sí. Epo ò sí nínú táńkì, nítorí náà wọ́n gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù Yísà, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Màmá fún un ní kọ́kọ́rọ́. Màmá ní, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó bi mí bóyá bíréèkì dára, mo ní Ṣọlápé ọmọ mi fi tuntun sí i lánàá, ó ní ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Sùn-má-jí. Màmá sọ orúkọ náà láìmọ̀ pé èébú ni. Ó rò pé ìnagijẹ ẹ̀fẹ̀ ni.

Mo ní ó dáa. Kódà ọwọ́ mi kọ́ ló fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Mo jẹun yó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹfà

Inú mi dùn títí di ọ̀sán. Mi ò ní purọ́ fún bébà. Mo fọ aṣọ, mo kọrin. Lójú inú mi, mo rí agbádá funfun nínú gọ́tà, mo rí fìlà tó ń yí lọ níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí máṣíìnì.

Hàmdálátù, ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí Bàámi wà ní wọ́ọ̀dù, òun nìkan ló wá láti ìdí kejì. Ó bu omi gbígbóná, ó wẹ ẹsẹ̀ fún Bàámi, ó ń bá a ṣàwàdà pé ẹsẹ̀ yín yìí mọ́ ju ti ọmọ yín lọ. Mo ti ṣe gbogbo ìṣirò, mi ò fi í sí i.

Mo ti èrò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èrò mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó burú jù ú lọ. Tí ó bá ṣubú, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní ó kúkú sọ fún wa pé apànìyàn ni. Òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Irọ́ tó pa mọ́ mi, èmi fúnra mi ni màá fi ọwọ́ mi sọ ọ́ di òtítọ́. Kòsóhun á kú tán, á tún jàre.

Mo pè é. Kò gbé e. Mo tún pè é. Ó ti dínà mọ́ nọ́ńbà mi.

Mo pe Hàmdálátù. Ó gbé e kíákíá, ariwo àgbò lẹ́yìn. Ó ní, áà, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ rántí wa! Ó ní ọkọ òun ń fi kanrinkan fọ máṣíìnì bí ọmọ tuntun. Ó ní òun ti ra sálúbàtà tó bá a mu. Mo la ẹnu. Tí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rí ni mo fi lé Kòsóhun lọ́wọ́ yẹn, pẹ̀lú ohùn ara mi.

Mo ní, ẹ kú ọdún o. Mo pa fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹfà — Iléyá

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jáde nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ takisí Òde Rẹ́mọ. Kò kún. Awakọ̀ ń pe èrò: ó ku ẹnì kan, ó ku ẹnì kan! Mo ní màá san ti ẹni yẹn, kó máa lọ. Ó wò mí, ó ní, Àǹtí, ṣé wọ́n fẹ́ fi ẹran yín pamọ́ ni?

Mo bá wọn níwájú ilé. Kòsóhun ti wà lórí máṣíìnì, agbádá funfun, ó ti ká apá rẹ̀ sórí èjìká. Hàmdálátù lẹ́yìn rẹ̀, ó yí ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí aṣọ, sálúbàtà tuntun. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Yísà ń ya wọ́n ní fọ́tò. Kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sí i wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ṣùgbọ́n ó ti gba àga síwájú de àgbò tí wọn ò tíì dúńbú.

Kòsóhun rí mi. Ó ní, áà! Dókítà Sùn-má-jí! Ẹ ti tètè dé jù, ẹran ṣì ń mí! Yísà rẹ́rìn-ín.

Mo ní, pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, ṣé ẹ fẹ́ gbà á padà ni? Mo ní, pa á, kó o tẹ bíréèkì iwájú. Ó ṣẹ́jú sí Yísà, ó pa á, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń tu ọmọdé nínú.

Ó wọlé dé ìdí, láìsí agbára kankan.

Mo rí ojú rẹ̀. Ojú yẹn ni mo ti ń fẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n pín ogún. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó wo títì nísàlẹ̀, ọkọ̀ ń kọjá. Ó dùn mọ́ mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dùn mọ́ mi.

Mo lè sọ pé mo gbàgbé. Ọ̀rọ̀ náà ti wà létè mi. Ṣùgbọ́n irọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni. Mo ní, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó bẹ́ sílẹ̀. Ó ká ọwọ́ lórí. Ó ń ké: ẹ wá gbọ́ o! Ẹ wá gbọ́! Mo sọ fún yín, ẹ ní mo ń ṣàwàdà! Àwọn tó ń lọ sí yídì dúró. Òǹtẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní, Ṣọlápé, ṣé òótọ́ ni? Mo ní, eléyìí, òótọ́ ni, sà. Ti Bàámi, irọ́ ni. Ó wò mí títí. Ó ní, ta ló máa wá bá ọ ya méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn.

Hàmdálátù ti sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo. Ó dúró tì mí, ó ní, Ẹ̀gbọ́n, tí mọ́tò yín ò bá tètè gbéra ńkọ́?

Ó bọ́ sálúbàtà, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí yídì.

Kòsóhun ti ní ẹ̀rí rẹ̀. Lọ́la, wọ́n á mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n á mọ̀ ní tíátà. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá mi, kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mi ò dárí ji Kòsóhun. Mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Mo kàn kọ̀ láti kúrò níbẹ̀ títí bíréèkì yóò fi lè dá máṣíìnì dúró. Kò gbà kí n fọwọ́ kàn án, nítorí náà mo dúró sọ́ọ̀ọ́kán, mo sì ń sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń kọ́ àwọn dókítà kéékèèké, ó sì ń ṣe é, omijé ìbínú lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn páàdì tuntun, kó o tó gun máṣíìnì: pa ẹ́ńjìnnì. Tẹ ọwọ́ bíréèkì wọlé pátápátá, jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá. Tún tẹ̀ ẹ́, tún jọ̀wọ́ rẹ̀, títí yóò fi le sí ọ lọ́wọ́ bí òkúta, tí kò ní lè kan ibi ìdìmú mọ́. Wo ìgò epo, kó má lọ sílẹ̀ ju ojú àmì lọ. Sọ̀ kalẹ̀, fi ẹsẹ̀ rìn tì í lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó o sì tẹ̀ ẹ́. Tí táyà kò bá dúró gbọn-in, má gùn ún.